Òwú Ni Mo Fẹ́, N Kò Fẹ́ Rọ́bà: Bí Mo Ṣe Ń Ra Aṣọ àti Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì l'Ábújá

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi hun aṣọ òkè títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, ìyá bàbá mi a sì máa ran òwú lójúde láti àárọ̀. Kùbwá ni mo ń gbé báyìí, níwájú ilé wa ni mo ti ń ránṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mállàm tó ń sun súyà. Ọwọ́ mi ti mọ òwú kí n tó mọ̀wé kà. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé kò sẹ́ni tó lè ta rọ́bà, ìyẹn aṣọ pólísítà, fún mi lórúkọ òwú. Wọ́n tà á fún mi, mo sì kówó fún wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Oṣù kẹta ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ooru Àbújá ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, ẹ mọ ohun tí mò ń wí: iná ò sí, fáànù ò yí, ògiri pàápàá ń mí ooru síni lára. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yẹ́ẹ́ níbẹ̀, mo ra bẹ́ẹ̀dìṣíìtì inú ọ̀rá dídán. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀rá náà pé òwú Íjíbítì ni, pé fọ́nrán 1000 ló wà nínú ínǹṣì kan níbùú lóòró. Lóru ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ́ ẹ, ọkọ mi jí láago méjì, ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ṣé o da omi sórí bẹ́ẹ̀dì ni?" Òógùn ara rẹ̀ ni. Ó ká ẹní, ó lọ sùn sí pálọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo fa fọ́nrán kan yọ létí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì náà, mo ṣá ìṣáná sí i. Kò jó bí òwú ṣe ń jó. Ó ká jọ, ó yọ́, ó di kókó dúdú kan tó le bí òkúta wẹẹrẹ.

Láti ọjọ́ náà, n kì í ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá mọ́. Ọwọ́ mi, omi àti iná ni mo ń bi léèrè.

Òwú máa ń mu òógùn, atẹ́gùn á sì gbẹ ẹ́ lára rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń tutù nínú rẹ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀, èyí tí à ń kà nínú Bíbélì tí àwọn àlùfáà ń wọ̀, ó tún yá ju òwú lọ níbi ká mu omi ká sì tètè gbẹ. Pólísítà, tí gbogbo ọjà ń pè ní rọ́bà, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń yọ ọ́, kì í fẹ́ẹ̀ mu omi rárá. Òógùn á wà lára yín, aṣọ á wà lórí òógùn. Ní àkókò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, tí afẹ́fẹ́ Àbújá bá gbẹ tí ètè ń sán, ẹ pa iná yàrá kí ẹ wá ṣí kúbùsù rọ́bà lójijì: ẹ ó gbọ́ tá-tá-tá, ẹ ó sì rí iná wẹ́wẹ́ tó ń ta lára rẹ̀. Àwọn ọmọ mi máa ń fi ṣeré. Òwú kì í fẹ́ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ ọjà. Ọwọ́ la ó kọ́kọ́ lò. Ẹ mú etí aṣọ, ẹ rún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́ yín, kí ẹ ka ení títí dé ogún, kí ẹ wá tú ọwọ́. Òwú á rún wìnìwìnì bí ojú ìyá àgbà. Aṣọ ọ̀gbọ̀ á tiẹ̀ rún jù ú lọ. Pólísítà á na ara rẹ̀ padà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án náà, nítorí àtẹ́lẹwọ́ àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ti yi jù. Òwú máa ń tutù díẹ̀ bí ẹ bá kọ́kọ́ kàn án. Ẹ má fi dídán ṣe àmì. Èyí tó dán bíi dígí tó sì ń yọ̀ lọ́wọ́, rọ́bà ló sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n sáàtínì òwú wà, sáàtínì rọ́bà sì wà. Bí wọ́n ṣe hun aṣọ ló ń jẹ́ sáàtínì. Kò sọ ohun tí wọ́n fi hun ún.

Omi ló kàn. Mo máa ń ra omi inú ọ̀rá kan lẹ́nu ọ̀nà ọjà. Mo á mu ún, mo á sì fi ìkán kan tó kù sórí aṣọ. Bí ó bá wọlé lójú ẹsẹ̀ tí ó sì tàn káàkiri, ìrètí wà. Bí ó bá dúró róbótó bí ìrì lórí ewé kókò, ẹ fura. Ẹ kàn fura ni o, ẹ má tíì bá a jà, torí pé aṣọ tuntun tí wọ́n ti fi sítáàṣì tàbí gọ́ọ̀mù sí lè kọ omi fún ìgbà díẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ òwú pọ́nńbélé. Gíníì, tí àwọn Hausa ń pè ní shadda, ló burú jù nínú ìyẹn. Wọ́n ti lù ú, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù sí i tó fi ń dún wàrà-wàrà bí ìwé.

Iná ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́, ṣùgbọ́n ilé ni kí ẹ ti pè é. Kò sí oníṣọ̀ọ́bù tó máa jẹ́ kí ẹ ṣá iná láàárín aṣọ rẹ̀, ọjà tó ti jóná lórílẹ̀-èdè yìí sì ti pọ̀ tó. Ẹ ní kó gé ẹ̀ẹ́kù kékeré fún yín, tàbí kí ẹ fa fọ́nrán díẹ̀ níbi tí ọ̀bẹ ti gba kọjá. Ẹ fa èyí tó lọ lóòró, ẹ fa èyí tó lọ níbùú, kí ẹ má pa wọ́n pọ̀, nítorí àwọn kan máa ń fi òwú ṣe òró kí wọ́n fi rọ́bà ṣe ìbú. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ gbé àwo tánganran sílẹ̀ pẹ̀lú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ jìnnà sí kọ́tínì, kí ẹ fi irin ìfàgún tàbí pínnì irun mú fọ́nrán náà, kí ẹ sún un mọ́ àbẹ́là.

Òwú àti ọ̀gbọ̀ á gbiná kíá, wọ́n á rùn bí ìwé tó ń jó, eérú wọn á rọ̀ kúlúkúlú, á dà nù bí ẹ bá fẹ́ ẹ lẹ́nu. Irun àgùntàn àti ṣẹ́dà gidi á rùn bí irun orí tó jó, iná ibẹ̀ kì í fẹ́ jó lọ títí, ohun tó bá kù á fọ́ lábẹ́ ìka. Pólísítà á kọ́kọ́ sá fún iná, á súnkì, á yọ́, á máa mú èéfín dúdú jáde, á wá di kókó líle tí èékánná ò lè fọ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tó ń yọ́ o. Ó ń lẹ̀ mọ́ awọ ara ni, mo ní àpá rẹ̀. Bí ẹ bá rí eérú rírọ̀ pẹ̀lú kókó líle kéékèèké nínú rẹ̀, àdàlù ni.

Ọ̀kan wà tó ń tan iná pàápàá jẹ. Viscose, tí àwọn mìíràn ń pè ní rayon, igi ni wọ́n ń fi kẹ́míkà sọ di fọ́nrán, nítorí náà yóò rùn bí ìwé, eérú rẹ̀ á sì rọ̀. Kì í ṣe ọ̀tá, ó tutù lára, aṣọ ilé tó dára ni. Ṣùgbọ́n kì í tọ́ bí òwú, ẹ má sì san owó òwú lé e lórí. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n: ẹ rẹ fọ́nrán kan sínú omi, kí ẹ fà á. Òwú máa ń le sí i bó bá tutù. Viscose á já pẹ́ńkẹ́. Ohun tí wọ́n sì ń pè ní aṣọ ọparun lóde òní, tí wọ́n ń fi àwòrán ewé sí lára, viscose náà ló sábà máa ń jẹ́.

Ní Ọjà Wúsè ní Zone 5, àwọn Hausa àti àwọn Ìgbò ni mo sábà máa ń bá pàdé nídìí aṣọ yáàdì. Ẹ kọ́ gbólóhùn Hausa díẹ̀, á dín owó kù fún yín ju igbe lọ. Òwú ni auduga. Bí ẹ bá bi Mállàm pé, "Auduga ce?" á búra fún yín láìmí: "Wallahi, Hajiya, auduga ce." Èyí ò tíì jọ mí lójú. Ìbéèrè kejì ni mo ń dúró dè: "Auduga zalla? Ba roba ba?" Ìyẹn ni pé, ṣé òwú nìkan, tí kò sí rọ́bà níbẹ̀? Zalla yìí ló máa ń mú kí wọ́n dánu dúró díẹ̀. Ẹni tó bá dánu dúró, tó gbójú sókè wo àjà, ó ti dáhùn. Mo ní oníbàárà kan níbẹ̀ tó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ti rí mi, á ní kí n má wulẹ̀ wo àwọn ti apá ọ̀tún, kí n lọ sí ìsàlẹ̀ pẹpẹ ẹ̀yìn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá a rí.

Ẹ tún wo etí aṣọ, níbi tí wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ sí. Bí ẹ bá rí T/C, tàbí 65/35, àdàlù pólísítà àti òwú ni. T/R, pólísítà àti rayon. Wọ́n lè tẹ "100% cotton" sí etí rọ́bà pátápátá, nítorí yíǹkì ò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó parọ́ pé aṣọ òun jẹ́ T/C. Ìyẹn, mo máa ń gbà á gbọ́.

Orúkọ ọjà ò kan ohun tí wọ́n fi hun aṣọ. Atiku tí àwọn ọkùnrin fi ń rán kàfùtáànì, ẹ ó rí olówùú, ẹ ó rí alárọ́bà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Káṣímíà tí wọ́n ń tà fún sókótó l'Ábújá, ewúrẹ́ tí wọ́n ń fá irun rẹ̀ ṣe káṣímíà gidi kò tíì rí i rí láyé. Ṣífọ́ọ̀nù àti kíréépù tó wà níta, rọ́bà ni púpọ̀ nínú wọn. Sílíkì ọjà, ẹ má tiẹ̀ béèrè. Àǹkárá olówó pọ́ọ́kú náà ti ń di pólísítà: ẹ rún un, ẹ kán omi sí i. Pé àwòrán rẹ̀ hàn níwájú hàn lẹ́yìn kò fi dandan sọ ọ́ di òwú. Pòpílìnì tí wọ́n fi ń rán yunifọ́ọ̀mù, méjèèjì ló wà, òwú rẹ̀ sì wúlò gan-an fún ìbora ìrọ̀rí. Léèsì fóòlì òwú dára lára, àmọ́ owó rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí.

Àdìrẹ jẹ́ àyẹ̀wò fúnra rẹ̀. Aró ẹlú kì í mú rọ́bà, òwú ló ń mú. Ní Kánò, kòtò aró Kofar Mata, tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498, òwú ni wọ́n ń rì bọ ibẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ pa láró ẹlú, tí ẹ rí i pé aró ti mu ún wọlé dáadáa, òwú ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tí ẹ̀rọ kàn tẹ àwòrán àdìrẹ sí, tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí eyín ọmọdé, ẹ dá a padà sídìí iná àti omi.

Níbi tí owó ti kéré jù tí òwú sì ti dára jù ni ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé tí mo mọ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n rí wọn: ìdí òkírìkà. Àwọn ará ìhín ń pè é ní gwanjo. Ní Kùbwá, ní Nyanya, ní Mararaba, ẹ ó rí òkìtì rẹ̀ lórí tapólì. Àwọn òyìnbó ni ó ti kọ́kọ́ wà lára wọn, lára ohun tí wọ́n wọ̀ ni ẹ ó sì ti rí aṣọ ọ̀gbọ̀, tí ẹ ò ní rí nínú ṣọ́ọ̀bù tuntun àfi kí ẹ ta ilẹ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀ tuntun le gbagidi. Èyí tí ẹnìkan ti fọ̀ fún ọdún márùn-ún ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ẹ̀yin ni ẹ jèrè.

Ẹ wá òǹtẹ̀ tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìhà aṣọ nínú, kì í ṣe ti ọrùn. Òfin ilẹ̀ wọn ni pé kí wọ́n kọ iye ìdá ohun tí wọ́n fi hun aṣọ síbẹ̀, nítorí náà òǹtẹ̀ gwanjo ṣeé gbà gbọ́ ju ọ̀rá dídán lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni èdè. Mo ti kọ wọ́n sínú ìwé kékeré kan tó ń bá mi lọ sọ́jà. Òwú: àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ cotton, Faransé ń kọ coton, Jámánì ń kọ Baumwolle, Ítálì ń kọ cotone, Sípéènì ń kọ algodón, Họ́láńdì ń kọ katoen, Swídìn ń kọ bomull, Tọ́kì ń kọ pamuk. Aṣọ ọ̀gbọ̀: linen, lin, Leinen, lino. Irun àgùntàn: wool, laine, Wolle, lana. Ṣẹ́dà: silk, soie, Seide, seta. Tí ẹ bá rí polyamide, nílọ́ọ̀nù ni. Tí ẹ bá rí elastane tí kò ju ìdá 2 tàbí 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò burú, òun ló ń jẹ́ kí sókótó nà. Baumwolle ló fún mi ní bùláòsì mẹ́rin ní ọdún tó kọjá, ẹni tó ń tà á kò mọ̀ pé ó yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iye kan náà ló pè wọ́n.

Ẹ bi oníṣòwò yín ní ọjọ́ tó ń tú bélì, kí ẹ débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹ wo abẹ́ abíyá, ìdí sókótó àti ọrùn aṣọ. Ibẹ̀ ni aṣọ ti ń kọ́kọ́ gbó. Ẹ gbé e síwájú oòrùn, ihò á fara hàn. Fún bẹ́ẹ̀dì, ohun tí mo ń wá ni àpò dùféètì, àwọn àpò ńláńlá tí wọ́n ń ki dùféètì sínú rẹ̀. Ojú aṣọ méjì ló wà lára rẹ̀. Ẹ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ti ní aṣọ méjì fún bẹ́ẹ̀dì ọmọdé ní owó ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé ẹ ń ronú ìdun. Mo ronú rẹ̀ náà. N kì í gbé gwanjo wọ yàrá. Inú ọ̀rá ló ń wà títí máa fi sè é nínú omi gbígbóná lẹ́yìnkùlé, tí máa sì sá a síta. Nígbà tó bá gbẹ, mo á fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ dáadáa, pàápàá ojú rírán níbi tí ẹyin ìdun ti lè sá pamọ́ sí. Òwú àti ọ̀gbọ̀ fara da gbogbo ìyẹn. Irun àgùntàn kò fara dà á o, á súnkì á di ti ọmọ ọwọ́. Ìyẹn, omi tútù àti oòrùn púpọ̀ ni.

Wàyí o, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tuntun. Ẹ má rà á ní rírán. Ẹ ra yáàdì. Tẹ́rú ni mo máa ń lò, tẹ́rú tí wọn ò tíì fọ̀ funfun, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì bàbà, tí ẹ ó rí àmì dúdúdúdú wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Èèpo kóró òwú ni àwọn àmì yẹn. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí wọn, rọ́bà kò ní kóró. Iye tí mo fi ń parí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan pẹ̀lú ìbora ìrọ̀rí méjì kì í tó ìdajì ohun tí mo san fún èyí tó lé ọkọ mi lọ sí pálọ̀. N kò ní kọ náírà síbí. Kí ẹ tó kà á tán, ó ti lè yí.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí, kí télọ̀ má rẹ́ yín jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé télọ̀ ni èmi náà. Ká ní fóòmù yín jẹ́ 6 lọ́nà 6, tó nípọn ínǹṣì 10. Ẹsẹ̀ bàtà 6 jẹ́ ínǹṣì 72. Ẹ fi 10 kún un fún ẹ̀gbẹ́ kan, 10 fún ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ tún fi 8 àti 8 sí i fún èyí tí ẹ ó kì sábẹ́ fóòmù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 108, yáàdì 3 géérégé. Nítorí náà yáàdì 3 níbùú, yáàdì 3 lóòró. Ẹ wá wọn ìbú aṣọ náà fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má béèrè. Bó bá jẹ́ ínǹṣì 60, ẹ ó nílò ẹ̀là méjì. Òwú á súnkì bí ẹ bá fọ̀ ọ́, nítorí náà ẹ fi ìdá mẹ́rin yáàdì kún ẹ̀là kọ̀ọ̀kan: yáàdì 6 àbọ̀. Bó bá jẹ́ ínǹṣì 45, ẹ̀là mẹ́ta ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yáàdì 10. Fún ìbora ìrọ̀rí méjì tó ní ìpapọ̀ lẹ́nu, yáàdì 2 tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ télọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á so ẹ̀là méjì pọ̀ ní àárín, ojú rírán á wá máa gún yín lẹ́yìn mọ́jú. Ẹ ní kó fi ẹ̀là kan sílẹ̀ ní odidi fún àárín, kó gé ìkejì sí méjì lóòró, kó rán wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ojú rírán á bọ́ sí etí fóòmù, níbi tí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni kì í dé.

Ẹ fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gé e. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí pé bí ẹ kò bá fọ̀ ọ́, ẹkún ló ń tẹ̀lé e. Ẹ rẹ tẹ́rú sínú omi gbígbóná di ọjọ́ kejì kí sítáàṣì rẹ̀ jáde, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a. Nígbà àkọ́kọ́ á ṣì le bí àpò gààrí. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ò ní fẹ́ kí àlejò sùn sórí rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ àwọ̀, ẹ pa á láró lẹ́yìn tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́. Iyọ̀ tí wọ́n ní ẹ dà sómi kí àwọ̀ aṣọ ọjà má bàa ṣí, ẹ tọ́jú iyọ̀ yín fún ọbẹ̀. Ẹ fọ aṣọ náà lọ́tọ̀ nígbà méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ó tán.

Tí ẹ bá sì fẹ́ ra ti ṣọ́ọ̀bù dandan, iye fọ́nrán nínú ínǹṣì kan níbùú lóòró, 200 sí 400 ti tó fún òwú dáadáa. Àwọn tó ń kọ 1000, bí wọ́n bá lọ́ fọ́nrán mẹ́rin pọ̀ di ẹyọ kan, mẹ́rin ni wọ́n ń kà á. Èyí tí wọ́n hun lókè kan nísàlẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní percale, ló tutù jù fún ooru wa. Èyí tó ń dán díẹ̀ máa ń mú ooru mọ́ra. Microfiber, ẹ ti mọ̀: rọ́bà ni.

Ní ti Kánò: Kantin Kwari, ọjà aṣọ ńlá ibẹ̀, ni orísun púpọ̀ nínú aṣọ tí wọ́n ń tà fún wa níhìn-ín. Ẹ má torí bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan wọ mọ́tò lọ síbẹ̀. Àwa obìnrin mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń dáwó jọ bí ẹni ń dá àjọ. Ọ̀kan nínú wa tó ní ẹ̀gbọ́n ní Sabon Gari á pè é, á ra odidi búńdù, á fi ránṣẹ́ ní wébìlì láti gáréèjì. A máa ń ní kó kọ́kọ́ fi ẹ̀ẹ́kù ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí n lè jó o. Owó tí a ń rí dín kù lórí yáàdì kọ̀ọ̀kan ń san owó mọ́tò, ó sì ń ṣẹ́kù.

Ó máa ń dùn mí nígbà mìíràn. Kàdúná tí a ń gbà kọjá lọ sí Kánò yìí, ìlú aṣọ ni tẹ́lẹ̀. Ọdún 1957 ni wọ́n dá Kaduna Textiles sílẹ̀, àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, òwú ilẹ̀ Hausa ni wọ́n sì ń lò, irú èyí tí wọ́n ń gbìn ní ìhà Fúntuà àti Gúsáù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ti ilẹ̀kùn. Òwú ṣì ń hù, ṣùgbọ́n Ṣáínà ni púpọ̀ nínú aṣọ tí mò ń jó lórí àwo tánganran yìí ti ń wá.

Ìrọ̀rí ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ béèrè òwú àràbà, igi tí Hausa ń pè ní rimi. Ó fúyẹ́, ó tutù. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ máa sá a sóòrùn, ẹ sì fi aṣọ òwú méjì bò ó. Fún kúbùsù, àyàfi tí ẹ bá ń gbé ní Jọ́ọ̀sì, aṣọ òwú nínípọn kan tó fún ọyẹ́ Àbújá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kíjìpá ìyá yín nínú àpótí, tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀ títí di ọjọ́ tí kò lọ́jọ́, ẹ yọ ọ́ síta kí ẹ fi bora.

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì ẹgbẹ̀rún fọ́nrán yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Òun ni mo fi ń bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi lálẹ́. Omi òjò kì í tètè wọ inú rẹ̀, eruku ọyẹ́ náà kì í wọ̀ ọ́, láàárín ọdún mẹ́fà kò sì tíì ṣí láwọ̀.